Àgbá Tí Orrin Tackett Ń Kùn Lọ́dà

Ẹni tí kò bá tíì rí ọta àgbá kúkúrú lójú òfuurufú kò tíì rí nǹkan. Ọta ìbọn ọdẹ kì í ṣeé rí, ẹran ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ó ti dé. Ṣùgbọ́n àgbá yìí, tí kò ga ju odó lọ, tó yanu sókè bí ẹni ń bú ọ̀run, ojú lásán lèèyàn fi ń sin ọta rẹ̀. Á gòkè, á gòkè, á dúró díẹ̀ bí ẹni ń ro nǹkan, kó tó já wálẹ̀ gbì lódìkejì pápá, níbi tí a ri èèkàn mọ́. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ èèkàn jù ló jẹ. Nǹkan tó ń mú àgbà ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè West Virginia lọ́dọọdún nìyẹn, tàwọn ti ẹ̀tù nínú ọkọ̀.

Orrin Tackett, tó ń lẹ táyà ọkọ̀ àjàgbé lẹ́bàá odò wa, kò mọ̀ ọ́n yìn. Ọta rẹ̀ a máa já síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ṣùgbọ́n àgbá tiwa yòókù, àná la rọ wọ́n. Tirẹ̀ nìkan ló ti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ti Àríwá àti Gúúsù, bọ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wú u nínú ẹrẹ̀ odò. Nítorí náà, àgọ́ Orrin làwọn àlejò ń wọ́ lọ. Á wọ ẹ̀wù sójà àtijọ́, á gbé ọmọ wọn lé àgbá náà, wọn á ya fọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Bí òjò dídì bá ti lọ tán, á kun àgbá náà lọ́dà dúdú tó ki. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ha á rí.

Inú Royce Pruitt, alábòójútó pápá wa, kì í dùn sí i. Royce mọ̀ ọ́n yìn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a ya fọ́tò.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òfin jáde: àgbá àtijọ́ tí wọ́n fi irin dídà rọ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀tù mọ́, àfi tí wọ́n bá gbẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n ki páìpù irin líle bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun àtijọ́ tí a bá gbẹ́ nínú ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Bàbá Orrin, ẹ jẹ́ ó jókòó sílé," Royce wí, ó ń fi búrẹ́dì àgbàdo nu àwo ẹ̀wà. "Ẹ máa nù ún láràárọ̀. Ó kúkú nífaradà ju ìyàwó yín lọ."

A rẹ́rìn-ín. Orrin náà bá wa rín in.

"Màá ki páìpù sí i," ó ní. "Mi ò lè wá síbí wá máa wo ìbọn ẹlòmíì."

Bí a ṣe tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Delbert nìyẹn, Delbert tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ó ha ọ̀dà ìdí àgbá náà kí ẹ̀rọ lè dì í mú, ó sì ti abẹ sí i nínú. Abẹ ń lọ gere. Lójijì ó ta kìjí, ó já sínú ihò. Ó tún já sínú òmíràn. Delbert pa ẹ̀rọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀.

"Orrin, wá wò ó."

Inú irin náà rí bí inú búrẹ́dì, ihò lórí ihò. Ẹnì kan ti fi àtè dí òmíràn. Níbi tó ha, àmì ilé iṣẹ́ kan hàn.

"Ohun ọ̀ṣọ́ àgbàlá ni wọ́n ń rọ," Delbert wí. "Òdòdó ni wọ́n ń gbìn sínú ẹ̀. Ìyá mi ní méjì níwájú ilé. Ìwọ wá ń rọ ẹ̀tù sí i?"

"Látìgbà tí bàbá mi ti kú."

"Ó yẹ kó ti pa ẹ́."

"Àtàwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ń gbé gùn ún," Royce wí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti gbé e mì.

Orrin fọwọ́ lé irin náà. "Ki páìpù náà sí i, Delbert. Kí ó nípọn. Páìpù ló máa gba agbára ẹ̀tù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Delbert wo Royce.

"Àgbá lòfin wí," Royce dáhùn. "Kò dárúkọ ìkòkò òdòdó."

Orrin ṣí fìlà. Ó fi bí ogún ọdún dàgbà ju Royce lọ. "Jẹ́ kí n yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dé fìlà yín, bàbá. Iṣẹ́ wà fún yín. A nílò ẹni tó máa bá wa hú ọta."

Gbogbo wa rò pé kò ní wá sí pápá lọ́jọ́ ìdíje. Ó wá. Ó wọ ẹ̀wù sójà rẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì. Ọta Royce ti rì wọlẹ̀ nítòsí èèkàn, Orrin sì ń hú u, nígbà tí obìnrin àlejò kan béèrè àgbá tó ti ojú ogun bọ̀. Ó ní òun wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Royce fọwọ́ sẹ́nu, ó ké jákè-jádò pápá. "Bàbá Orrin, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún wọn."

Orrin nàró. Mi ò lanu, àwọn yòókù náà ò lanu.

"Ìkòkò òdòdó ni, mà," ó wí.

"Wọn ò gbọ́ o, bàbá."

Ó tún un wí, ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà sídìí ọta Royce.