Kò Sí Bẹ́ẹ̀dì

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Surulere kí àìsàn ọpọlọ tó dé sí i. Ó ní àwọn ará ilé wa ń bu májèlé sínú omi kànga. Èmi àti ìyá wa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí dókítà tó pè wá, kò sì gbójú sókè wò wá.

Ó ní, "Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú un padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kì í sùn mọ́. Òkúta ló ń kó sápò kiri."

"Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe?"

Mo ní rárá. Ló bá pe ẹlòmíràn wọlé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n mi sọ òkúta lu màmá tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ojú òsì màmá fọ́. Àwọn ará àdúgbò de ẹ̀gbọ́n mi lókùn, wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà kí ọlọ́pàá tó dé. Ọjọ́ náà gan-an ni bẹ́ẹ̀dì yọjú. Nọ́ọ̀sì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ráyè. Mo pòṣé sí i lójú.

Ní àràárọ̀, ìyá wa máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà màmá láti kí i. Màmá kì í dáhùn.