Kíndìnrín Tí Bàbá Tiwalọlá Kò Lè Yọ

Ọláìtán ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì kan ní Doornfontein, ní South Africa. Láti ìgbà tí òun àti Damaris ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ti pínyà ní ọdún 2013, yàrá kan ló háyà ní Turffontein. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ Yorùbá níbẹ̀. Tiwalọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Randburg, ọjọ́ Sátidé ni bàbá sì máa ń wọ takisí lọ wò ó.

Nígbà tó yá, ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ kan ni ara rẹ̀ kọ̀. Àfi bí ẹsẹ̀ náà ṣe wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Wọ́n ní lọ́sibítù pé kíndìnrín rẹ̀ ń jò. Oògùn tó ń ran ọ̀pọ̀ ọmọdé kò ràn án, nígbà tó sì fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti dẹni tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ẹbí Damaris kò fọ̀rọ̀ bò: ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ni àrùn náà ti wá. Ọláìtán lọ bá dókítà, ó ní kí wọ́n yọ kíndìnrín òun kan fún ọmọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tirẹ̀ ni dókítà náà, Folúkẹ́ Àbísóyè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, wọ́n gba ti ìyá. Nígbà tí èsì dé, ó pe Ọláìtán wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Àbùdá kan wà tí èèyàn máa ń jogún, tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹyọ kan kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan. Ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ewu wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣàìsàn. Méjì ni Tiwalọlá ní."

"Ṣé Damaris náà ní in?"

"Ó ní ẹyọ kan."

Ó yẹ kí ara tù ú, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ara kò tù ú.

"Èmi ńkọ́?"

"Méjì ni tiyín náà, ẹ̀gbọ́n. Kíndìnrín yín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n a ò lè yọ ọ̀kan níbẹ̀. Lọ́dọọdún lẹ ó máa wá ṣàyẹ̀wò."

Ọláìtán rántí Ẹnìtàn, àbúrò rẹ̀ tó wú títí tó fi kú ní Iléṣà, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, ó sì sọ ọ́ fún dókítà. "Ṣé ohun tó pa á nìyẹn?"

"A ò lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Kò sí ohun tó kù láti sọ, síbẹ̀ kò dìde. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Damaris ló yọ kíndìnrín kan fún ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àwọn ẹbí rẹ̀ kóra jọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà ní Zulu. Ọláìtán jókòó sí ẹ̀yìn wọn, ó ń gba tirẹ̀ nínú. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere.

Nígbà tí Tiwalọlá padà sílé, ó fi àpá ikùn rẹ̀ han bàbá. "Èmi àti Mọ́mì jọ ní in ni," ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọláìtán rẹ́rìn-ín, ó ní àpá náà dára.

Lẹ́nu géètì, ó wá sọ fún Damaris pé méjì ni tòun nínú àbùdá náà.

"Ta ló ń bá ọ lọ síbi àyẹ̀wò?"

"Èmi nìkan ni."

Damaris ní kó máa ṣọ́ra, ó sì wọlé lọ bá ọmọ. Ọláìtán kọrí sí ibi tí takisí wà.