Aláàáké Padà Sídìí Kùkùté

Kò sẹ́ni tí kò mọ Aláàáké létí omi. Ogún ọdún ló fi gé igi inú ẹrẹ̀, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn nà gáńgá lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn, tó ń tà wọ́n fáwọn tó ń yan ẹja. Igi tán, ẹja tẹ̀ lé e, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ògiri ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀. Ló bá gbé àáké jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbin ohun tó gé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìn, ẹ̀ẹ̀mejì lomi gbá a lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣọ́ etíkun fún ìjọba wá bá a.

“Bàbá, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá kú, àwọn oníyanrìn, àwọn tó ń wa yanrìn tà, nìjọba máa gbé ilẹ̀ yìí fún. Èéfín tó ń mú ayé gbóná, igi yìí ló ń fà á mu, ẹrẹ̀ dúdú yìí ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Tí wọ́n bá wa ẹrẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ ló máa tú padà sáfẹ́fẹ́.”

Aláàáké délé, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń fìka fa ìlà sílẹ̀.

“Bàbá wọn, ṣómi ti gbá ahọ́n yín náà lọ ni?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Ebè oko ò gún tó ìlà tí mo gbìn ín sí. Ibo ni mo ti ṣàṣìṣe?”

“Ibi tó tẹ́jú, tí ẹ̀yìn ò ti ní dùn yín, lẹ gbìn ín sí. Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń gé e?”

“Ibẹ̀ ò nígi rí!”

“Ẹn-ẹ́n. Olè ló mọ ibi tó ti kó ẹrù.”

Nígbà tómi fà lọ́jọ́ kejì, ó ń fi ọ̀pá wá kùkùté nínú ẹrẹ̀. Ó dá wọn mọ̀: èyí ló ṣẹ́ èèkù àáké rẹ̀, ìdí tọ̀hún ni agbọ́n ti ta á létí. Ẹ̀gbẹ́ kùkùté kọ̀ọ̀kan ló ń ki èso igi náà tó gùn bíi pẹ́ńsùlù bọ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà wá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ìlà yín wọ́ bí ìrìn ọ̀mùtí!”

“Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn.”

Oṣù mẹ́ta kọjá, omi ńlá wá, ó lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ka ohun ọ̀gbìn náà: nínú mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, méjì dúró, ewé tútù lórí wọn. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. “Àwọn oníyanrìn á wá ilẹ̀ míì lọ.”

Ìyàwó Aláàáké ti bá wọn débẹ̀. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀: “Ó ku ọ̀kan tẹ́ ò tíì dá padà o, èyí tẹ́ ẹ fi ṣe òpó ilé ìdáná mi.”

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ni ọkọ dáhùn. “Báwọn wọ̀nyí bá dàgbà, omi ò ní kàn án mọ́.”