Gáùnù Ìyàwó Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹ bá gbé ní Bẹẹrẹ láàárín ọdún 1989 sí 1995, tí ẹ sì fẹ́ràn fídíò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bú mi rí. Èmi ni Àkíbù tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà. Pákó lásán ló pín ṣọ́ọ̀bù mi níyà sí ti Àǹtí Bertha télọ̀. Kò sí ọjọ́ tí àwọn oníbàárà kì í bi mí pé Apá Kejì dà, àfi bí ẹni pé abẹ́ ibùsùn ni mo gbé e pamọ́ sí.

Fíìmù tí Ọ̀gá Olúdayọ̀ ṣe ní Àrẹ̀mọ ni wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni Apá Kìíní dúró sí. Ìyàwó ti wọ gáùnù funfun, ó fẹ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, bí ọkùnrin kan ṣe pariwo láti ìta nìyẹn pé kó má ṣe fẹ́ ọkọ náà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ìyàwó la ẹnu. Ó parí. Wọ́n ní ká máa retí Apá Kejì ní oṣù mẹ́ta.

Ọdún mẹ́fà ló gbà. Nígbà tí wọ́n bá dà mí láàmú, mo máa ń sọ fún wọn pé bó pẹ́ títí, akólòlò á pe bàbá. Èmi náà sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó fẹ́ ọkùnrin náà.

Ọláyínká ló ṣe ìyàwó yẹn. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní Ọjà'ba. Kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Ìyàwó Ẹnu Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, “Ìyàwó Ẹnu Ọ̀nà, ṣé ẹsẹ̀ ò tíì máa ro yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí?” Lọ́dún àkọ́kọ́, ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kẹrin, ó ti ń gba ẹ̀yìn ọjà wọlé.

Àǹtí Bertha ló rán gáùnù náà. Ọmọ Òkè Padre ni, Òkè-Àdó ló ti kọ́ṣẹ́, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ohun kan wà tí àwọn ìyá ọmọ máa ń tìtorí rẹ̀ bá a jà: bó bá rán aṣọ tán, ó máa ń fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán. Wọ́n á ní inú ni aṣọ àwọn ń parí sí. Kì í bá wọn jiyàn. Á ní, “Ọmọ ò bá yúnífọ́ọ̀mù ṣàdéhùn pé òun ò ní í dàgbà.” Bí ọdún bá yí po, àwọn ìyá yìí kan náà á gbé aṣọ wá pé kó bá àwọn tú u.

Nígbà tó ń rán gáùnù, aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ló fi sílẹ̀ nínú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Olúdayọ̀ fajú ro.

“Àǹtí, léèsì ń ṣòfò o.”

“Ìgbà wo lẹ máa ṣe Apá Kejì?”

“Oṣù mẹ́ta.”

Àǹtí Bertha wò ó, ó sì tún tẹ máṣíìnì. Nígbà tí wọ́n ya fíìmù tán, ó gba gáùnù padà, ó fi aṣọ ìbùsùn wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí irin. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Nítorí pé mi ò ní sùúrù, ẹsẹ̀ mi kì í wọ́n nílé Ọ̀gá Olúdayọ̀. Ó kọ́kọ́ ní àwọn tó ń da fíìmù òun kọ láìgbàṣẹ ti jẹ èrè òun run. Nígbà tó yá, ẹni tó ṣe ọkọ lọ sí òkè òkun, ó kọ lẹ́tà pé òun ń bọ̀ ní Kérésì, kò sọ Kérésì ọdún wo. Ẹni tó kọ ìtàn bá a jà lórí ẹni tó ni ìtàn. Baálé ilé tí wọ́n ti ya fíìmù ní Àrẹ̀mọ wá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe awuyewuye ogún, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa, ilẹ̀kùn tí ìyàwó fọwọ́ kàn yẹn gan-an. Bí wọ́n ṣe ṣí i ni Ọláyínká bí ìbejì, lẹ́yìn ọmọ tó ti kọ́kọ́ bí.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Bertha, mo ní fíìmù wo ló ń pẹ́ tó báyìí.

“Kì í ṣe fíìmù ló ń pẹ́, Àkíbù. Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń bímọ, wọ́n ń jà, wọ́n ń kú. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́ta lòun máa fi kó wọn jọ padà, kò rán yúnífọ́ọ̀mù rí.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún 1995, Ọ̀gá Olúdayọ̀ dé sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bertha. Ó ti rí owó, ó ti rí ọkọ, ó ti rí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé e. Ọláyínká ti gbọ́, ó ti sáré dé láti Ọjà'ba. Ọ̀gá ò lè wojú rẹ̀.

Ó ní, “Láti ìṣẹ́jú tí Apá Kìíní parí sí la fẹ́ máa bá a lọ. Gáùnù yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá bá mu ni ìyàwó.”

Àǹtí Bertha gbé gáùnù jáde. Ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí. Ọláyínká wọ̀ ọ́, sípù ò ṣeé fà, àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń sunkún. Ó dùn mí, nítorí mo wà lára àwọn tó ń pè é ní Ìyàwó Ẹnu Ọ̀nà.

“Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,” ó ní. “Èmi ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn.”

Àǹtí Bertha yọ tépù kúrò lọ́rùn. “Ọ̀gá Olúdayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

“Ẹni tí gáùnù bá bá mu, Àǹtí.”

“Ẹ lọ jẹun ní Màpó. Ẹ padà wá ní aago mẹ́rin.”

Bí wọ́n ṣe lọ, ó yí inú gáùnù síta, ó fi abẹ tú ojú rírán, ó sì tú aṣọ tó ká sínú. Ara gáùnù ti pọ́n díẹ̀ láti ọdún mẹ́fà wá, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ṣì funfun báláú. Bó bá rán an bẹ́ẹ̀, ìlà méjì á hàn gbangba ní ìhà rẹ̀. Àǹtí Bertha ní kí n lọ po tíì wá, kí n má fi mílíìkì sí i. Ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó ń ta á sí ibi tó funfun díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e síta sí oòrùn, ó ń wò ó, ó tún ń ta á. Nígbà tó máa fi rán an, tó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ tán, ojú mi ò mọ èyí tó jẹ́ tàná mọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àǹtí Bertha wọ gáùnù fún Ọláyínká, ó fa sípù láti ìdí dé ọrùn, ó lọ wọ́ọ́rọ́. Ọláyínká fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó la ẹnu díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe é nínú fíìmù. Ọ̀gá Olúdayọ̀ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà máa ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó.

Ọláyínká nu ojú. Ó ń fọwọ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ gáùnù wò, ó sì dúró.

“Àǹtí, ẹ ò tú gbogbo rẹ̀. Ó ṣì ku ìka méjì nínú.”

“Ẹ gé e kúrò,” Ọ̀gá Olúdayọ̀ dáhùn. “Apá Kejì yìí ni òpin.”

“Mo gbọ́,” Àǹtí Bertha wí. Ó mú abẹ́rẹ́, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìyàwó, ó sì rọra rán ìka méjì náà padà sínú.