Bí Ráfíátù Ṣe Kọ́ Wa Láti Dá Iye Lé Ohùn Wa

Ìgbà tí wọ́n ń ṣa kajú ní Lougba, abúlé ìtòsí wa, ni, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìdìbò tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Bantè níbí, ní ilẹ̀ Benin. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ ti gbọ́ pé mo ṣe sẹ́ńdíkà, ẹgbẹ́ olùkọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wa. Òótọ́ ni, a ti ti ilé ìwé pa fún oṣù gbáko rí, mo sì ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ìjà tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ, inú yàrá kan tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ la ti jà á, obìnrin tí mo kọ́ ní ìwé kíkà nígbà tó wà lọ́mọdé ló sì ṣíwájú wa.

Ráfíátù lorúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ní ọmọ mẹ́ta. Yàrá ẹ̀yìn ilé ọkọ rẹ̀ ló sọ di ibi ìgbohùnsílẹ̀. Ó fi fóòmù àlòkù bo ògiri, ó so aṣọ sójú fèrèsé, ó gbé míkírò kan àti kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀. Àwa mẹ́rin là ń ka ìkéde níbẹ̀ ní Ìṣà, èdè ìlú wa, ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìkéde oògùn oko, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá di onílé. Ó ti sọ ọ́ fún un pé bí owó ilé kò bá ti inú yàrá náà jáde kí oṣù tó parí, òun yóò kó àpò kajú òun sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, yàrá yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ.

Ohun tó dá wa lóró, àwa fúnra wa la fà á. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í dá iye lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti wá sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí níbi ìlàjà, tí wọ́n béèrè ohun tí àwọn yóò fún ọ, èsì rẹ ni, “Ohun tí ọwọ́ yín bá ká.” Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń gbé iṣẹ́ wá fún wa láti Cotonou, ọmọ Kétu kan tó mọ ọmọlúàbí ṣe, kọ́kọ́ béèrè iye ìkéde kan lọ́wọ́ mi, ohun tí mo wí fún un gan-an nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká ju owó díẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ohun tó fún mi ló ń fún gbogbo wa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà o, èmi ni mo wọ́ ọ lórí.

Nígbà tí Ráfíátù gbọ́ bó ṣe jẹ́, kò pariwo. Ó gbé àga fún mi, ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó wá fi orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ níbí pè mí, ó ní, “Bàbá Mẹ́tìrì, ẹ bá ìjọba jà nítorí owó oṣù, ẹ wá fi ohùn yín ṣe sàárà. Tiyín nìkan kọ́ lẹ fi ṣe é. Tèmi wà níbẹ̀.” Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní ká ṣe ìkéde kan ṣoṣo, kí òun máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sára ilẹ̀kùn. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú Faransé, a sì jiyàn lórí ìdajì rẹ̀. A dúró kí ẹ̀rọ ìlọgi aládùúgbò dákẹ́. Ewúrẹ́ ké, a tún un kà. Ọlọ́kadà fọn fèrè, a tún un kà. Nígbà tí ó fi gé àwọn àṣìṣe kúrò tán, wọ́n ti ń pe ìrun alásàrí. Ìkéde ìṣẹ́jú méjì ti jẹ ọjọ́ wa. Ó bi wá pé èló ni bíríkìlà ń gbà lójúmọ́ ní Bantè. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ó ní iye ìkéde kan nìyẹn. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn tí a ti kà á, wọn yóò san ìdajì lé e. Bí wọ́n bá sì lò ó níbòmíràn, wọn yóò tún sanwó.

Iye ti wà, ṣùgbọ́n ẹnu tí yóò sọ ọ́ kò sí. Ó ní ká bọ́ sídìí míkírò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ iye náà. Nígbà tó gbé tèmi fún mi gbọ́, ohùn mi ń gbọ̀n, mo tiẹ̀ fi “ẹ má bínú” parí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ráfíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ tún un kà, Bàbá.” Ìgbà mọ́kànlá ni mo tún un kà.

Kò pẹ́ tí ọmọ Kétu wa fi dé pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá, ìkéde méjìlá lórí bí a ṣe ń dìbò. Ó gbọ́ iye, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Savalou ti gbà láti ṣe é ní ìdajì, àwọn náà sì ní ẹni tó gbọ́ Ìṣà. Mo mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Bí ìjọba ṣe máa ń sọ fún wa nìyẹn, pé àwọn olùkọ́ ìlú kejì ti padà sí kíláàsì. Ráfíátù ní kó máa lọ ire. Bó ti lọ tán, obìnrin náà gun ọ̀kadà, ó di Savalou, lọ́dọ̀ Kọ̀sí tó ń ka ìkéde ní Mahi, èdè tiwọn níbẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀. Kọ̀sí ní ọmọkùnrin kan náà ti sọ fún òun pé Bantè ló gba ìdajì. Wọ́n wo ara wọn. Kọ̀sí ṣèlérí pé bí ọ̀rọ̀ Ìṣà kankan bá dé ọ̀dọ̀ òun, òun yóò ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí iṣẹ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Àbúrò ọkọ kó àpò kajú rẹ̀ dé lóòótọ́, ó tò wọ́n mọ́ ògiri títí dé fèrèsé. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní ká kúkú gba ìdajì. Ráfíátù gbá ilẹ̀ yí àwọn àpò náà ká, ó ní, “Bí mo bá gba ìdajì, yàrá yìí á kù fún mi. Kí ni màá wá máa ṣe nínú rẹ̀?” Mo ti rí àwọn akin nínú sẹ́ńdíkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: mi ò rí irú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ Kétu wá bá mi nílé. Ó mú búrẹ́dì àti ṣúgà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní èmi ni àgbà, òun mọ̀ pé èmi kò ní fi ọmọdé ṣẹ̀sín. Ó ní, “Bàbá, èló lẹ máa gbà?” Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo sọ iye náà bí mo ṣe sọ ọ́ ní ìgbà kọkànlá, láìbẹ̀bẹ̀, mo sì ní iye kan náà ni Ráfíátù yóò sọ fún un, kó lọ bá a. Ó mu omi, ó dìde. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Ráfíátù.

Ó gba iye ìkéde, ó gba ìdajì ti àyípadà. Èyí tó jẹ mọ́ lílò níbòmíràn, ó kọ̀ jálẹ̀, a sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àárín àpò kajú la ti ka méjèèjìlá. Àpò náà wá gba gbogbo ìró tó máa ń dún padà láti ara ògiri, ohùn wa mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí onílé rí owó rẹ̀, tó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò, Ráfíátù ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Ohun tí a jèrè nìyẹn: yàrá náà ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni Bantè àti Savalou kò sì gba ìdajì mọ́. Ohun tó kù ń bẹ níwájú yín. Ìkéde oògùn oko tí mo kà nígbà “ohun tí ọwọ́ yín bá ká” ṣì ń dún lórí gbohùngbohùn ní ọjà Koko, ìlú ìtòsí wa, títí dòní, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rí, wọn kò sì sanwó ìlò náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èyí, ọwọ́ yín ló máa wọ̀ ọ́.

Ráfíátù kò pa ohùn mi àkọ́kọ́ rẹ́, èyí tó ń gbọ̀n yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ó máa ń gbé e fún ẹni tuntun gbọ́ kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan míkírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Koko. Ó gbọ́ ọ, ó wo ojú mi, ó rọra rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sọ iye tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́.