Fìlà Orí Ìṣó

Ó ku bí ọdún méjì kí a gba òmìnira nígbà tí mo ríṣẹ́ ní ilé ìlagi kan ní Ọ̀fà, lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Èmi ni mò ń kọ àsìkò tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé. Akọ̀wé ni ìyá mi ń pè mí láti ọjọ́ náà, wọn ò pe orúkọ mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wọn pákó níbẹ̀ ló bá mi bẹ Alhaji tó ni iṣẹ́. Oore yẹn ló fi dí mi lẹ́nu. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n á fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń kọ̀wé, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko iṣu rẹ̀.

“Bí wọ́n bá bèèrè mi, sọ pé mo wà nítòsí.”

Àgbàlagbà kì í rìn jìnnà láìdé fìlà, nítorí náà ẹni tó bá ti rí fìlà kò ní wá a mọ́. Èmi a kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé aago márùn-ún ló jáde. Inú ń bí mi sí i, ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá dún níta, èmi a yọjú wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaji wọlé, wọ́n bèèrè ẹ̀gbọ́n. Mo tọ́ka sí fìlà.

“Wọn ò jìnnà, sà.”

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀gbọ́n tètè dé, mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kó má dé rárá.

Ó dé, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ dé orúnkún, irú fìlà kan náà gan-an lórí rẹ̀. Àṣé méjì ló rà!

Alhaji ò wò ó. Èmi ni wọ́n kọjú sí. “Ta ló ni ti orí ìṣó?”

“Èmi ni, sà.” Mi ò mọ ibi tí ẹnu mi ti rí i.

“Dé e.”

Mo dé e. Ó bò mí lójú.

“Ẹni tó lọ sóko, mo mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Ìwọ tó o jókòó síbí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.” Wọ́n na ọwọ́, mo gbé ìwé lé e.

Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dárí jì í. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Láti ọjọ́ kejì, pákó ni mò ń rù. Ìyá mi rí èjìká mi tó bó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ mi pè mí.