Ọ̀já Tí Mo Dè Mọ́ Ìbàdí Lọ Sórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ìbàdí fi ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Ìyá Ráfíù, ìyàwó mi, ti rín tiẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé Adéwọlé mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni fàájì mi. Mi ò mu, mi ò fa, n kì í jókòó sídìí ayò. Bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, ó di orí pápá. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dùn nínú ká fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ká tún máa wá a kiri inú koríko. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú koríko mi.

Apá òsì ìbàdí ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá mi ò sùn dáadáa ni. Nígbà tó yá, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ mọ́. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá na ẹsẹ̀ sí ìyàwó mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní kó bá mi fi òrí pa á. Ó pa á títí, gbogbo aṣọ mi ń run òrí, ìrora ò kúrò.

Ẹni tí kò bá gbá gọ́ọ̀fù rí lè rò pé ọwọ́ la fi ń gbá a. Irọ́ ni. Ìbàdí ni. Wàá yí èjìká sẹ́yìn, igi á lọ sókè, lẹ́yìn náà ìbàdí ló máa kọ́kọ́ padà, òun ló máa fa ara yòókù tẹ̀ lé e. Tèmi kì í padà mọ́. Bó bá dé àárín, á dúró gbagidi, á ta mí bí iná, ọwọ́ nìkan á wá máa dá iṣẹ́ ṣe. Bọ́ọ̀lù á yà sápá ọ̀tún, ó di inú igbó.

Àbí ẹ ò rí àwọn olùkọ́ ọ̀fẹ́! Eléyìí á ní mo ń gbórí sókè. Tọ̀hún á ní mo di igi mú le jù. Inú ń bí mi, àmọ́ ẹ ṣeun ni mò ń sọ, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ara ló ń dùn mí. Kí nìdí? Ìdíje ló ń bọ̀. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn fẹ́ wá bá wa gbá ní méjì-méjì. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lẹ̀yin méjèèjì máa jọ gbá: bí ìwọ bá gbá a tán, ibi tó bá bọ́ sí ni ẹnìkejì rẹ ti máa gbá a lọ.

Alhaji Jímọ̀, àgbà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì, ló dárúkọ mi pé èmi lòun fẹ́ bá gbá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ń kùn. Bí olórí ẹgbẹ́ àwa agbágọ́ọ̀fù bá gbọ́ nípa ìbàdí yìí, wọ́n á yọ mí lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni kó má lọ jẹ́ pé èmi ni màá dójú ti Alhaji lójú àlejò.

Ọjọ́ pé. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí mo dá. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Tanke gbàgbé ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ sílé wa. Mo mú un, mo wé e mọ́ ìbàdí yípo-yípo, mo fà á le bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e. Mo gbé oògùn ìrora mì, mo jáde. Ìyá Ráfíù ń wò mí pé kí ló dé tí mò ń rìn bí sójà.

Ìrora rọlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀já ò jẹ́ kí n yí mọ́ rárá. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń ti bọ́ọ̀lù. Alhaji á tún èyí tí mo bá bà jẹ́ ṣe, èmi á tún bà á jẹ́. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí ó fi ku ihò ìkẹyìn tí bọ́ọ̀lù máa wọ̀, àwa àtàwọn àlejò sì wà ní dọ́gba. Èmi ló kàn láti gbá èyí àkọ́kọ́. Odò kékeré kan sì wà níwájú tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò kọjá.

Ìgbà yẹn ni Alhaji wo aago, ó ní àkókò Alaásàrí ti tó. Àwọn àlejò ní kò burú, pé arìnrìn-àjò làwọn, àwọn ti kí i pọ̀ mọ́ Àílà. Wọ́n jókòó dè wá. A ṣe àlùwàlá, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò kan, Alhaji ṣe lèmọ́mù, mo dúró lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ìdúró ò ṣe mí ní nǹkan. Rùkúù, ìgbà tí a tẹ̀ba, fún mi ní ìkìlọ̀. Ìgbà tí a forí kanlẹ̀ ní rákà tó kẹ́yìn ìrun náà, Alhaji gbé orí sókè. Èmi ò lè gbé e.

Wállàhì, mi ò lè dìde. Ìbàdí ti há. Mo fi iwájú orí sílẹ̀ níbẹ̀, òógùn ń kán sí ẹní. Mò ń gbọ́ tí àlejò kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé ẹ wo bí bàbá yìí ṣe ń bẹ Ọlọ́run kó lè borí àwa. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò ó pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe máa gbé mi kúrò lórí pápá?

Alhaji sálámà parí ìrun, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi ní ìbàdí. Ọwọ́ rẹ̀ bá ọ̀já.

Ó rọra bi mí pé, “Àbúrò, kí lo dè mọ́ra yìí?”

Mo ní ọ̀já ọmọ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tú u, ó yí mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ní kí n mí. Nígbà tó yá, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní màá gbá a, màá fi gbogbo agbára gbé e kọjá odò, ohun tó bá máa já nínú ìbàdí kó já.

Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń rí i nínú mọ́sálásí bí mo ṣe ń fọwọ́ tilẹ̀ kí n tó dìde, ṣé mo rò pé òun ò mọ̀ kóun tó dárúkọ mi ni? Ó ní ṣé mo rò pé ó wu òun kóun máa gbá tòun ní kúkúrú láti ọjọ́ yìí ni? Orúnkún ló ń dun òun náà.

Ó wá ní, “Ọlọ́run tó ní ká forí kanlẹ̀, Òun náà ló ní ẹni tí kò bá lè dìde kó jókòó kírun. Ta wá ni gọ́ọ̀fù?”

Ó fún mi ní igi kékeré, ó ní kí n gbá a dé iwájú odò péré, kí n fi odò sílẹ̀ fún òun.

Mo dúró ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn ń wò mí. Àwọn ọ̀dọ́ wa rí igi tí mo mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọkàn mi ń sọ pé kí n gbé igi ńlá, kí n fi hàn wọ́n. Mo gbé igi, kò kọjá ìgbáyà, mo yí ìwọ̀nba tí ìbàdí gbà mí láyè, mo gbá a. Bọ́ọ̀lù fò nílẹ̀-nílẹ̀, ó lọ tààrà, ó dúró sétí odò. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alhaji ní Àlùbáríkà.

Ó gbé e kọjá odò. Èmi rọra tì í dé ibi tí ihò wà. Ó ku kí Alhaji tì í wọlé, ibẹ̀ ò jìnnà rárá. Ó tì í, ó yí létí ihò, ó kọjá lọ.

Báyìí làwọn àlejò, tí tiwọn ti wọlé ṣáájú, ṣe borí wa. Èmi tí mò ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí pé èmi ni màá bà á jẹ́! Alhaji bú sẹ́rìn-ín, ó bọ àlejò lọ́wọ́, ó ní ká máa lọ sílé.

Nígbà ìrun Mọ̀gàríbà ní mọ́sálásí àdúgbò wa, kí n tó wọlé, ó ti gbé àga sí ìparí ìlà. Ẹ̀yin mọ̀ mí, mo ti máa ń sọ pé àga yẹn wà fún àwọn arúgbó. Mo wo àga, mo wo ojú rẹ̀. Mo jókòó. Bí mo ṣe jókòó kírun, omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Mo ti rí dókítà. Ó ní ká dúpẹ́ pé mo wá, ó sì ti fún mi ní eré ìdárayá tí màá máa ṣe. Ọ̀já ti padà sí Tanke.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀: ìrora tí ẹ̀ ń fi pamọ́, àwọn tó fẹ́ràn yín ti rí i tipẹ́, wọ́n sì ti gbà yín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ló ń dùn yín tí ẹ̀ ń sọ pé kò sí nǹkan? Ẹ sọ ọ́ síbí, a ò ní rẹ́rìn-ín. Bóyá Ìyá Ráfíù nìkan.